Ọ̀tún ta ni? Ẹ bá mi tú anterior, sagittal àti abduction sí èdè tó yé mi

Aránṣọ Ìgbó
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ránṣọ ní Ìjẹ̀bú-Igbó kí n tó padà sí ilé-ìwé lọ́dún yìí. Ilé-ẹ̀kọ́ ìlera ni mo wà báyìí. Ìdánwò àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún wa nínú Anatomy, máàkì 14 nínú 40 ni mo gbà. Ibì kan náà ni gbogbo ohun tí mo pàdánù wà: orúkọ ìhà ara, orúkọ bí wọ́n ṣe ń la ara, àti orúkọ bí oríkèé ṣe ń rìn.

Mo há a sórí tán. Àmọ́ bí wọ́n bá ti gbé àwòrán síwájú mi báyìí, ó parí. Olùkọ́ bi mí pé àtàǹpàkò ńkọ́, ṣé medial ni àbí lateral. Mo wo ọwọ́ mi bó ṣe wà lórí tábìlì, mo ní medial. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tí ẹ ti la ibẹ̀ kọjá, báwo lẹ ṣe mú un? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n há a sí i. Mo ti há a tó.

Màmá Nọ́ọ̀sì Ìkẹ́nnẹ́
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Nínú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, ẹlòmíràn á wà tó jẹ́ pé ẹ̀rín ló fi bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀.

Gbé ìwé sílẹ̀ ná, kí o dìde dúró. Jẹ́ kí ojú rẹ kọ iwájú gan-an, kí ẹsẹ̀ méjèèjì súnmọ́ra, kí ìka ẹsẹ̀ kọ iwájú, kí ọwọ́ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Wàyí o, yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ síwájú, bí ẹni tó ń sọ pé "ẹ wò ó, mi ò mú nǹkan kan lọ́wọ́." Ìdúró yẹn ni ìwé ń pè ní anatomical position, òun sì ni gbogbo orúkọ yòókù dúró lé. Aláìsàn lè dùbúlẹ̀, ó lè ká jọ sórí bẹ́ẹ̀dì bí ìgbín. Kò kàn wá. Tí o bá fẹ́ dárúkọ ibì kan lára rẹ̀, nínú ọkàn rẹ, gbé e dìde kí o tó sọ̀rọ̀.

Wo àtàǹpàkò rẹ báyìí. Ìta ló wà, ó jìnnà sí ìlà àárín ara. Lateral nìyẹn. Ìka tó kéré jù ló wà lẹ́bàá itan, òun ni medial. Ọwọ́ tó dà bo tábìlì lo wò lọ́jọ́ yẹn, òun ló tàn ọ́.

Àwọn yòókù kò le. Superior ni ohun tó súnmọ́ orí ju èkejì lọ, inferior ni èyí tó súnmọ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Anterior ni iwájú, posterior ni ẹ̀yìn. Superficial súnmọ́ awọ, deep wọ inú lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí o dì mú ni pé kò sí ibi tó jẹ́ medial lásán. Bí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé ẹ̀gbọ́n ni Lágbájá, ṣé o kò ní bi í pé ẹ̀gbọ́n ta ni? Bẹ́ẹ̀ náà ni. Imú jẹ́ medial sí ojú, ojú jẹ́ medial sí etí.

Ọ̀rọ̀ ọ̀tún àti òsì ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Ìwọ ọmọ Ìjẹ̀bú, o mọ oyè Ọ̀tún àti Òsì. Tí wọ́n bá ní Ọ̀tún Balógun, ọ̀tún ta ni? Ṣé ọ̀tún ìwọ tí o dúró ní ìta tí o ń wòran ni, àbí ọ̀tún Balógun fúnra rẹ̀? Aláìsàn ni Balógun. Tìrẹ kò sí níbẹ̀.

Èmi náà ṣe é rí. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, mo kọ orúnkún òsì sínú ìwé bàbá kan tó jẹ́ pé ti ọ̀tún ló wú. Mo dojú kọ ọ́, ọwọ́ òsì mi ló ṣe déédéé orúnkún náà, mo bá kọ òsì. Sister tó wà lórí iṣẹ́ kà á, kò pariwo. Ó mú mi padà lọ sídìí bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí n béèrè lọ́wọ́ bàbá pé èwo ló ń dùn ún. Bàbá fọwọ́ lé ọ̀tún. Láti ọjọ́ náà títí mo fi gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, mo máa ń béèrè kí n tó fi kálàmù kan ìwé.

Dírẹ́bà Márosẹ̀
Mi ò jókòó ní kíláàsì Anatomy rí o. Ọkọ̀ ni mo ń wà, Ṣàgámù sí Benin. Àmọ́ ọmọ mi obìnrin ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, èmi ni mo máa ń gbé ìwé rẹ̀ dání lálẹ́ tí mo ń bi í léèrè. Proximal àti distal ló ń dà á láàmú. Mo ní kó gbọ́: èjìká ni Ṣàgámù, ìgúnpá ni Ìjẹ̀bú-Òde, ọrùn ọwọ́ ni Ọ̀rẹ̀, ìka ọwọ́ ni Benin. Bí o bá ṣe ń jìnnà sí Ṣàgámù lo ń lọ sí distal. Bí o bá ṣẹ́rí padà, ó di proximal. Ìjẹ̀bú-Òde wà distal sí Ṣàgámù, ó sì wà proximal sí Ọ̀rẹ̀. Tó bá di ẹsẹ̀, ìbàdí ni gáréèjì.

Kò ṣì í mọ́.

Ọmọ Alápatà Òde
Ẹ̀gbọ́n dírẹ́bà, ta ló fi Rẹ́mọ ṣe èjìká, tó wá fi odindi Ìjẹ̀bú-Òde ṣe ìgúnpá? 😂

Dírẹ́bà Márosẹ̀
Bí ìgúnpá kò bá ká, ṣé òkèlè máa dé ẹnu? Ẹ gba ohun tí wọ́n fún yín.

Ọmọ Alápatà Òde
Ó dáa, mo gbà á.

Iṣẹ́ ẹran ni wọ́n ń ṣe nílé wa, ibẹ̀ ni àwọn plane, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń la ara, ti yé mi. Àgbò Iléyá tí a bá là láti orí dé ìrù, tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ pín sí méjì ọgbọọgba, median sagittal nìyẹn. Bí àáké bá yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, sagittal ṣì ni, ó kàn jẹ́ pé kì í ṣe median mọ́, ẹni tí èyí tó kéré bá sì bọ́ sí lọ́wọ́ á bá wa jà. Transverse ni ti ẹja ọbẹ̀ tí wọ́n gé ní róbótó-róbótó, àbí iṣu dùndú.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan ṣá. Bí olùkọ́ bá gbé àwòrán ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin wá, ẹ̀yìn àgbò ló wà lókè, ikùn ló wà nísàlẹ̀, orí ló sì ṣíwájú. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà ẹran fi ń sọ pé dorsal fún ọ̀nà ẹ̀yìn, ventral fún ọ̀nà ikùn, cranial fún ọ̀nà orí, caudal fún ọ̀nà ìrù. Lára èèyàn tó dìde dúró, dorsal bọ́ sí posterior, ventral bọ́ sí anterior. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi èyí pàdánù máàkì 5 gbáko, àwa tí a ń pa ẹran lójoojúmọ́!

Ìyá Àbíyè Òde-Rẹ́mọ
Sagittal àti coronal, orí ọmọ tuntun ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Aránṣọ, o ti fọwọ́ kan àwùjẹ̀ ọmọ rí, àbí? Ibi rírọ̀ tó ń mí sókè sódò níwájú orí yẹn, igun mẹ́rin ló ní. Rọra fi orí ìka wá etí àwùjẹ̀ náà. Wàá bá ìlà tín-ín-rín kan tó kúrò níbẹ̀ tó gba àárín orí lọ sẹ́yìn tààrà, níbi tí egungun ọ̀tún àti ti òsì ti pàdé. Sagittal suture nìyẹn. Ìlà mìíràn tún ti ibẹ̀ sọdá sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sọ́nà iwájú etí, bí ibi tí adé máa ń jókòó sí. Òun ni coronal suture. Lédè Látìn, sagitta ni ọfà, corona sì ni adé. Tí o bá wo orí ọmọ láti òkè, wàá rí ọfà náà: àwùjẹ̀ ni ẹnu rẹ̀, ìlà àárín ni igi rẹ̀.

Fi ọkàn na ìlà méjèèjì sọ̀kalẹ̀ bí ọ̀bẹ. Ti ọfà á pín ara sí ọ̀tún àti òsì. Ti adé á pín ara sí iwájú àti ẹ̀yìn. Ó ku transverse, tó ń pín ara sí òkè àti ìsàlẹ̀, ìyẹn kò nílò àlàyé.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé nìkan o. Bí obìnrin bá ń rọbí, kí a tó rí irun ọmọ, ìlà ọfà yẹn ni ìka wa ń wá. Bó bá ṣe dùbúlẹ̀ ni a fi ń mọ ibi tí orí ọmọ yí sí. Tí ìka bá bá a dé ìdí, àwùjẹ̀ ẹ̀yìn tó kéré, tó ní igun mẹ́ta, ni a fẹ́ bá. Bó bá jẹ́ onígun mẹ́rin la kọ́kọ́ bá, a mọ̀ pé orí kò ká dáadáa sí àyà, iṣẹ́ lè pẹ́.

Aránṣọ Ìgbó
Ẹ̀yin màmá mi, ẹ ṣeun ṣeun. Mo ka èyí tí Ìyá Àbíyè kọ, mo bá dìde lọ gbé ṣẹ́ẹ̀tì kan tí mo rán sílẹ̀. Ojú ìránṣọ tó so iwájú mọ́ ẹ̀yìn, láti èjìká wá sí abíyá títí dé ìbàdí, coronal ni! Ìlà bọ́tìnnì tó wá láti ọrùn dé ìdodo, median sagittal. Ibi tí bẹ́líìtì ń gbà, transverse. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń gé àwọn ará Ìgbó sí coronal, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi.

Ó ku ti oríkèé o.

Àgọ́Boy
Ìyẹn ló rọrùn jù. Flexion ni kí o gbé nǹkan síwájú, extension ni kí o gbé e sẹ́yìn. Ó tán.

Físíò Ṣàgámù
Àbúrò, rọra. Ká orúnkún rẹ wò, ibo ni gìgísẹ̀ lọ? Ẹ̀yìn ló lọ, flexion sì ni. Igun tó wà láàárín egungun méjì ni kí ẹ máa wò. Bó bá ń fún, flexion. Bó bá ń ṣí, extension. Ẹ ronú bí ọmọ ṣe ń ká jọ nínú oyún: ọrùn, ìgúnpá, ìbàdí, orúnkún, gbogbo wọn ló ká. Flexion ni gbogbo rẹ̀. Bó bá wá jáde sáyé tó jí láàárọ̀ tó na ara gbọnrangandan, extension nìyẹn. Ẹni tó ń rin ewùrà láti fi se ìkọ́kọrẹ́, ìgúnpá rẹ̀ kò ṣe ju flexion àti extension lọ títí iṣu á fi tán.

Abduction àti adduction, ẹ gbọ́ ìròyìn tẹlifíṣọ̀n. Bí wọ́n bá ní wọ́n abduct ẹnì kan, wọ́n gbé e kúrò nílé rẹ̀ ni. Ìlà àárín ara ni ilé. Ọkùnrin tó na apá sí ẹ̀gbẹ́ láti ká agbádá lé èjìká, abduction ló ṣe. Nígbà tó bá dá apá padà sí ìhà, adduction. Ẹ tún wo àwọn tó ń gun ẹṣin ní Ojúde Ọba: itan ya sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ẹṣin lè wọ àárín, abduction, bí ẹṣin bá fò, tí wọ́n fi itan fún un pinpin kí wọ́n má bàa ṣubú lójú Awùjalẹ̀, adduction nìyẹn, iṣan inú itan sì ni yóò máa ro wọ́n lọ́jọ́ kejì. Ẹnu máa ń ko ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí pọ̀, ìdí nìyẹn tí àwa fi máa ń pe lẹ́tà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, A-B, A-D, pàápàá lórí fóònù. Tó bá di ìka ọwọ́, ìka àárín ni ilé, kì í ṣe àárín ara. Ní ẹsẹ̀, ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ni.

Supination àti pronation: tẹ́ ọwọ́ gba àdúrà, supination. Da ọwọ́ bolẹ̀, pronation. Ṣé ẹ fẹ́ rí i? Ká ìgúnpá ọ̀tún. Fi ọwọ́ òsì di apá náà mú nísàlẹ̀, ní ìkángun sí ọrùn ọwọ́. Wá tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún, kí o sì dà á bolẹ̀, jẹ́jẹ́. Egungun tó wà lápá àtàǹpàkò, radius, wàá gbọ́ ọ lábẹ́ ìka tó ń gun orí èkejì kọjá. Bí o bá tẹ́wọ́, méjèèjì á tún lọ bára wọn dúró ní gbọọrọ. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n máa tẹ́ ọwọ́ síwájú nínú anatomical position: egungun méjèèjì kò dábùú ara wọn.

Ìwọ aránṣọ, ẹsẹ̀ rẹ lórí pẹ́dàlì ẹ̀rọ ńkọ́? Bí iwájú ẹsẹ̀ bá tẹ̀ sílẹ̀, plantarflexion. Bí iwájú ẹsẹ̀ bá gbéra sókè, dorsiflexion. O ti ṣe é láìmọye ìgbà.

Àtàǹpàkò ni kò bá ẹgbẹ́ ṣe. Ó yí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdámẹ́rin àyípo sí àwọn ìka yòókù, nítorí náà abduction tirẹ̀ kì í lọ sí ẹ̀gbẹ́, iwájú àtẹ́lẹwọ́ ló ń jáde sí. Ó sì ní ọ̀kan tí àwọn ìka yòókù kò lè dá ṣe, opposition, kí orí rẹ̀ lọ bá orí ìka mìíràn. Bí ẹ ṣe ń mọ òkèlè ẹ̀bà nìyẹn.

Ti ọrùn: orí tí a mì láti sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni" jẹ́ flexion àti extension, èyí tí a mì láti sọ pé "bẹ́ẹ̀ kọ́" jẹ́ rotation. Èjìká tí a gbé sókè láti sọ pé "èmi ò mọ̀", elevation. Ẹ máa lọ báyẹn.

Àgọ́Boy
Mo gba ìbáwí, ẹ̀gbọ́n. Orúnkún ni mi ò rántí.

Ayàwòrán Egungun
Ọ̀rọ̀ Ọ̀tún Balógun tí Màmá sọ, ẹ gbé e wá sí ọ̀dọ̀ wa. Bí ẹ bá gbé fíìmù X-ray àyà sókè, ẹ wò ó bíi pé aláìsàn ló dojú kọ yín. Ọ̀tún rẹ̀ á wà ní ọwọ́ òsì yín. Lẹ́tà R tàbí L tí a fi sára fíìmù, ọwọ́ aláìsàn ló ń sọ. Ti CT, àwòrán tí ẹ̀rọ fi ń gé inú ara wò, tí wọ́n gé ní transverse tún ń da àwọn ọmọ tuntun láàmú: ẹ rò ó pé aláìsàn fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ̀yin dúró nídìí ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ ń wo inú rẹ̀ lọ sókè sọ́nà orí. Ọ̀tún rẹ̀ tún bọ́ sí òsì yín.

Ẹni tó fẹ̀yìn lélẹ̀ yẹn, supine ni. Prone ni ẹni tó dojú bolẹ̀, bí ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń kí àgbà.

Kí n tó gbàgbé: èdè wa ń pe gbogbo rẹ̀ ní ẹsẹ̀, láti itan dé ìka. Nínú ìwé Anatomy, leg kò ju orúnkún sí ọrùn ẹsẹ̀ lọ, arm kò sì ju èjìká sí ìgúnpá lọ. Aránṣọ, èyí wà nínú ìdánwò, mo fi dá ọ lójú.

Ọmọ Alápatà Òde
Èmi ní ìbéèrè kan. Gbogbo Látìn yìí, ṣé "òkè lápá ìta" kò tó?

Màmá Nọ́ọ̀sì Ìkẹ́nnẹ́
Ó tó, bí ìwọ àti ẹni tí o ń bá sọ̀rọ̀ bá ń wo ohun kan náà. Ọmọ mi, gbọ́ ti abẹ́rẹ́ ìdí. Pín ẹ̀bá ìdí kan sí mẹ́rin, bí ẹni fi ọ̀bẹ pín mọ́ínmọ́ín. Igun òkè tó wà lápá ìta nìkan ni kí abẹ́rẹ́ wọ̀, ìwé ń pè é ní superolateral. Iṣan sciatic, ìyẹn nerve tó tóbi jù nínú ara, gba àwọn igun tó kù kọjá lọ sí ẹsẹ̀. Ẹni tó bá gún ọmọdé níbẹ̀ lè sọ ẹsẹ̀ ọmọ náà di èyí tó ń wọ́ nílẹ̀. Mo ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí ìyá rẹ̀ gbé wá, wọ́n ti gún un níbì kan kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Bí wọ́n bá ní "òkè lápá ìta" fún ẹni tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí ọmọ sì ń jà, tó dojú bolẹ̀, ó lè rò pé ìta ni ọ̀dọ̀ tòun. Lateral kò ní ọ̀dọ̀ tẹni kankan, àfi ti ọmọ náà.

Fún ìkókó, a kì í gún ìdí rárá. Itan ni, ní iwájú díẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́, anterolateral.

Aránṣọ Ìgbó
Ẹ kú àná o. Wọ́n tún ìdánwò náà ṣe fún wa lánàá, 33 nínú 40. Ìbéèrè leg yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Àmọ́ bí mo ṣe ń fi ayọ̀ sáré sọ̀kalẹ̀ nílé-ìwé, mo tẹ ihò, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi rọ́. Ọ̀tún TÈMI o, Màmá. Àtẹ́lẹsẹ̀ kọ sínú, ó ti di inversion. Apá lateral ló wú, ibi tó ń dùn mí jù wà anterior àti inferior sí egungun kókósẹ̀ tó yọ síta.

Físíò Ṣàgámù
Pẹ̀lẹ́, àbúrò. O ṣe àlàyé dé ibi tó yẹ: ibẹ̀ ni okùn tó so egungun mọ́ra, tó máa ń kọ́kọ́ fà tàbí já, wà bí ẹsẹ̀ bá rọ́ báyẹn. Fi ìka tẹ etí ẹ̀yìn egungun yẹn, posterior, láti ṣóńṣó rẹ̀ lọ sókè ní proximal, ìwọ̀n sẹ̀ntímítà 6. Ṣé egungun gan-an ń dùn ọ́? Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ńkọ́, ṣé o lè rìn ín?

Aránṣọ Ìgbó
Mo tẹ̀ ẹ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kò dùn mí. Mo rin mẹ́rin, mo ń tiro, àmọ́ mo rìn ín.

Físíò Ṣàgámù
Tẹ etí ẹ̀yìn kókósẹ̀ ti apá inú wò bẹ́ẹ̀ náà, kí o sì tẹ àárín ẹsẹ̀, ibi tó wà níwájú díẹ̀ sí kókósẹ̀, lápá inú àti lápá ìta. Bí egungun ibẹ̀ kò bá dùn, a kò ní fi X-ray yọ Ayàwòrán lẹ́nu. Gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí, fi yìnyín tí o wé sínú aṣọ lé e, kí o sì jẹ́ kí ẹlòmíràn bá ọ fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ fún ọjọ́ díẹ̀. Bó bá di ọ̀la tí o kò lè tẹ ẹ́ mọ́, wá sí Ṣàgámù.

Dírẹ́bà Márosẹ̀
Mo ń bọ̀ láti Ọ̀rẹ̀ lọ́la. Bó bá ń lọ, kó dúró ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo máa gbé e lọ sí proximal lọ́fẹ̀ẹ́.